Ìpele Tó Ń Tan Ẹsẹ̀ Jẹ

Ẹ BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ BÀBÁ KÁFÍŃTÀ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Lẹ́tà mẹ́rin ló dé ọ̀dọ̀ mi lórí àtẹ̀gùn lóṣù yìí, ọ̀kan láti Òṣogbo, ọ̀kan láti Abẹ́òkúta, ọ̀kan láti Texas, ìkẹrin láti Ṣágámù. Mo ti fi ọdún 44 kan pákó àtẹ̀gùn fún kọnkéré, inú mi sì dùn pé ẹnì kan tiẹ̀ béèrè. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́lé, á béèrè òrùlé, á béèrè géètì, á béèrè àwọ̀ ọ̀dà. Kò sẹ́ni tí í béèrè àtẹ̀gùn àfi tí ẹnì kan bá ti ṣubú.

*Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí a kó wọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Ẹni mẹ́ta ló ti ṣubú lórí ìpele kan ṣoṣo, èyí tó kẹ́yìn lókè pátápátá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ ṣubú, lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó wá kí wa. Lóṣù tó kọjá, ìyá ọkọ mi wá láti ìlú, wọ́n ń gbé abọ́ ọbẹ̀ gòkè lálẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ kọ, ọrùn ọwọ́ wọn sì kán. Àwọn ará àdúgbò ní ọwọ́ ayé wà ní ìpele yẹn. Àwọn ẹbí ní ká pe wòlíì. Ọkọ mi pe bíríkìlà tó kọ́ ọ, òun sì búra pé bákan náà ni òun wọn gbogbo ẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin wá mú tépù. Gíga 18, ìyẹn ìgbà tí ẹsẹ̀ ń gbéra láti ibì kan dé èkejì, ló wà látilẹ̀ dókè. Ìkíní jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14, ìkẹyìn jẹ́ 21, gbogbo mẹ́rìndínlógún tó wà láàárín jẹ́ 17 àbọ̀. Lẹ́yìn gíga kẹsàn-án ni làńdìn wà, ibi pẹrẹsẹ tí àtẹ̀gùn ti sinmi. Ṣé ìyẹn tó ohun tó ń gbé ènìyàn ṣubú? Kí la lè ṣe sí i?*
*Ìyá Ìbejì, Òṣogbo*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ Màmá o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí egungun náà sé, kí ọwọ́ náà sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ yín ti bá wa wo ẹ̀yìn. Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, ṣùgbọ́n 21 kì í ṣe 17 àbọ̀, àdúrà kò sì ní sọ ọ́ di 17 àbọ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ ló fi ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ó tó, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Tí ènìyàn bá dé ìdí àtẹ̀gùn, ojú rẹ̀ á wo ìpele kìíní, bóyá ìkejì. Tó bá fi máa dé ìkẹta, ojú ti kúrò níbẹ̀, ọkàn ti lọ sórí ọbẹ̀, sórí fóònù, sọ́dọ̀ ọmọ tó ń ké lókè. Ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó ń bá iṣẹ́ lọ. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ìpele àkọ́kọ́ pé báyìí ni kí òun máa gbéra, bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbéra, kì í fi kún un. Àlàfo tó máa ń wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti etí ìpele kì í sábà ju ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan tàbí méjì lọ. Ara kì í ná agbára dànù. Tí ìpele kan bá wá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ ga jù, kò sí àlàfo mọ́, imú bàtà á gbá a. Ẹni tó gbé abọ́ dání kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sì ní ọwọ́ tó fi máa di irin mú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Màmá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé inú ilé kì í ṣubú níbẹ̀ lemọ́lemọ́ nítorí pé ẹsẹ̀ yín ti há a sórí láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Àlejò ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fọkàn balẹ̀, torí lọ́jọ́ tí àárẹ̀ bá mú yín tí iná sì lọ, àlejò ni ẹ̀yin náà.

Sísọ̀ kalẹ̀ tún ń dà mí láàmú ju gígòkè lọ. Ẹni tó ń bọ̀ nílẹ̀ ti ń sọ 17 àbọ̀ kalẹ̀ látòkè, ló bá kan ilẹ̀ ní 14. Ilẹ̀ tètè dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Màmá bóyá orúnkún kì í mì wọ́n jìgì nígbà tí wọ́n bá sọ̀ dé ilẹ̀. Àtòkè náà, ìpele tí ẹni tó ń sọ̀ máa kọ́kọ́ gbà ni 21 yẹn, ẹsẹ̀ á wá ilẹ̀ níbi tó yẹ kó wà, kò ní rí i. Ẹni tó ṣubú nígbà tó ń gòkè máa ń fi ọwọ́ tàbí orúnkún gbalẹ̀. Ẹni tó ṣubú nígbà tó ń sọ̀ lè yí dé làńdìn.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ọkọ yín gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí bíríkìlà yẹn má purọ́. Mo gbà gbọ́ pé lọ́jọ́ tó tú pákó kúrò lára kọnkéré, gbogbo gíga 18 ló jẹ́ 17 àbọ̀. Ìgbà tí àwọn onítáìlì dé ló bàjẹ́. Ẹ wò ó: wọ́n da sìmẹ́ńtì sí ilẹ̀ pálọ̀, wọ́n tẹ́ táìlì lé e, gbogbo ẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe lókè, lórí dẹ́kìn. Ṣùgbọ́n lórí ìpele àtẹ̀gùn, sìmẹ́ńtì díẹ̀ àti táìlì nìkan ni, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Ilẹ̀ fi mẹ́ta àbọ̀ ga sókè ju ìpele lọ. Ìpele kìíní wá kúrú sí 14, ti òkè wá ga sí 21, àwọn tàárín kò yí padà nítorí gbogbo wọn jọ ga sókè bákan náà ni. Bíríkìlà á ní òun wọn ọ́n re, onítáìlì á ní òun tẹ́ ẹ re, òótọ́ làwọn méjèèjì sì ń sọ. Ìyá yín ni ọwọ́ rẹ̀ wá kán láàárín òtítọ́ méjì.

Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ọwọ́ mi ti ṣe é rí. Ní 1991, mo kan pákó àtẹ̀gùn fún ilé kan ní Ìbàdàn. Terrazzo ló wà lóde nígbà yẹn. Mo wọ̀n ọ́n láti kọnkéré sí kọnkéré, mo gba owó mi, mo lọ. Nígbà tí wọ́n wá da terrazzo sílẹ̀, òkè ga, ìsàlẹ̀ rì. Ọmọ onílé, ọmọ ọdún méje, fi ẹnu gbá etí ìpele òkè, eyín rẹ̀ méjì jáde, eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Bàbá rẹ̀ kò bú mi. Ó kàn ní kí n wá jókòó sórí ìpele yẹn kí n wò ó. Mo padà lọ tún un ṣe lówó ara mi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti kan pákó àtẹ̀gùn fún ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ béèrè pé kí lẹ máa tẹ́ sílẹ̀.

Ó yá, àtúnṣe. Ẹnì kan máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ da sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lé ìpele tó wà lábẹ́ òkè. Ẹ má gbà. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, gíga ìkẹyìn á di 17 àbọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ á di 21. Pańpẹ́ yẹn kàn sọ̀ sísàlẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tún gbé ìyẹn sókè, èyí tó tẹ̀lé e á tún di 21. Ẹ máa lé e bọ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa parí, nítorí ìpele kìíní jẹ́ 14, mẹ́ta àbọ̀ lé 14 sì jẹ́ 17 àbọ̀. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ló máa ga sókè ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀, àti làńdìn pẹ̀lú wọn. Gíga 18 ni, ṣùgbọ́n ìkẹyìn bọ́ sórí ilẹ̀ òkè, nítorí náà ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jẹ́ 17: ìpele 16 àti làńdìn kan. Ọ̀kan ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù.

Ẹ má fi kọnkéré ṣe é láìjẹ́ pé ẹnjiníà wò ó. Mo ti ṣírò rẹ̀: bí àtẹ̀gùn yín bá fẹ̀ tó mítà kan ó lé díẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ ilé, sìmẹ́ńtì onísẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀ lórí gbogbo ẹ̀ máa wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá lọ. Ẹ kò mọ irin tí àyánbẹ́ńdà fi sínú rẹ̀. Pákó ni mo fẹ́ fún yín: ìrókò tó gbẹ dáadáa, pákó onínǹṣì kan àbọ̀ tí wọ́n fá títí tó fi bọ́ sí mìlímítà 35 géérégé. Ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta ti sìmẹ́ńtì. Kẹ́ ẹ tó kàn án mọ́lẹ̀, ẹ fi orí òòlù kan gbogbo táìlì, èyí tó bá dún bí ìkòkò òfìfo, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi skúrù àti gọ́ọ̀mù dè é. Ẹ má kùn ún kó máa dán bíi dígí, ẹ jẹ́ kí káfíńtà fa ìlà méjì sí etí ìpele kọ̀ọ̀kan kí bàtà lè rí nǹkan dì mú. Irin tí ọwọ́ ń dì mú gbọ́dọ̀ bá ìpele gòkè, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ á rẹlẹ̀ jù. Kó tó sẹ̀ǹtímítà 90 láti etí ìpele.

Kówó tó dé, ẹ kun etí ìpele ìsàlẹ̀ àti tòkè ní ọ̀dà funfun lónìí. Ẹ fi iná tó ń lo sólà síbẹ̀, kí a má máa retí àwọn oníná. Ẹ sì sọ fún gbogbo ilé: ẹni tó bá gbé ẹrù, ọwọ́ kan ni kó fi gbé e. Èyí tó bá ju ọwọ́ kan lọ, ẹni méjì ni kó gbé e.

*Bàbá, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nígbà kan pé kí ìpele àtẹ̀gùn dọ́gba. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. Mo ti gun Olúmọ láìmọye ìgbà. Àwọn ìpele tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta níbẹ̀ kò dọ́gba rárá, òmíràn ga dé orúnkún, àwọn arúgbó sì ń gùn ún. Kí ló dé tí wọn kì í ṣubú?*
*Ọmọ Ìtòkò, Abẹ́òkúta*

Ìbéèrè yìí dára gan-an, inú mi dùn sí i. Nígbà míì tẹ́ ẹ bá tún gun Olúmọ, ẹ má wo àpáta, ẹ wo ojú àwọn tó ń gùn ún. Gbogbo wọn ló ń wolẹ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan ògiri àpáta, wọ́n ń dúró, wọ́n ń yan ibi tí wọ́n máa fẹsẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ń tẹ fóònù. Àpáta kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń dá sọ tirẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ohunkóhun.

Àtẹ̀gùn ilé ni ó ń ṣèlérí. Ó fún ẹ ní 17 àbọ̀, ó tún fún ẹ ní 17 àbọ̀, ó fún ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, o gbà á gbọ́, ó wá fún ẹ ní 21. Èyí tó burú jù kọ́ ni èyí tí gbogbo rẹ̀ rí jágajàga. Èyí tó dọ́gba títí, tí ọ̀kan ṣoṣo wá yàtọ̀, tí ojú lásán kò lè rí i, ìyẹn ló ń pa ènìyàn.

*Ẹ kú iṣẹ́, sà. Texas ni mo ń gbé. Mo fi ọwọ́ ara mi kan àtẹ̀gùn onípákó sí inú ilé kékeré kan tí mo ń kọ́ sẹ́yìnkùlé. Lẹ́yìn tí mo kàn án tán ni mo tẹ́ pákó ilẹ̀ onílàjì ínǹṣì sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó wá yẹ ilé wò kọ̀ ọ́, ó ní ìpele kìíní fi ìlàjì ínǹṣì kúrú ju àwọn yòókù lọ. Ìlàjì ínǹṣì! Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fìyà jẹ wá ni?*
*Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Texas*

Àbúrò, mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ìwé òfin ilé gbígbé tí wọ́n ń lò káàkiri Amẹ́ríkà ní ìpele tó ga jù àti èyí tó kúrú jù nínú àtẹ̀gùn kan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínǹṣì yàtọ̀ síra wọn. Ìyẹn kò tó mìlímítà mẹ́wàá. Ìlàjì ínǹṣì ti kọjá rẹ̀.

Tó o bá rò pé ó le jù, wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brooklyn, ní ìlú New York, ní 2012. Ní ibùdókọ̀ ojú irin 36th Street, ìpele kan wà lára àtẹ̀gùn tó jáde sígboro tó fi díẹ̀ ga ju àwọn yòókù lọ, kò tó ínǹṣì kan. Ọkùnrin kan tó ń gba ibẹ̀ kọjá ṣàkíyèsí pé òun máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà síbẹ̀, ó ń ya àwọn ènìyàn. Géńdé, arúgbó, bàbá tó gbé ọmọ dání, gbogbo wọn ń kọsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìpele kan náà.  Nígbà tí fídíò náà gba íntánẹ́ẹ̀tì kan, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ ojú irin ti àtẹ̀gùn náà pa, wọ́n tún un ṣe. Mo ti wo fídíò yẹn ju ogún ìgbà lọ, gbogbo ọmọṣẹ́ mi ni mo sì ń fi hàn.

Tìrẹ kò le. Má tú àtẹ̀gùn palẹ̀. Gé plywood tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ pákó ìpele mẹ́ta àkọ́kọ́: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínǹṣì sábẹ́ ìkíní, ìdá kan nínú mẹ́rin sábẹ́ ìkejì, ìdá kan nínú mẹ́jọ sábẹ́ ìkẹta. Tó o bá ṣírò rẹ̀, wàá rí i pé ìlàjì ínǹṣì yẹn ti pín sí gíga mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń yẹ ilé wò náà kò sì ní rí nǹkan sọ. Rántí pé èyí ṣeé ṣe nítorí ìlàjì ínǹṣì ni. Ti Ìyá Ìbejì lókè yẹn ti pọ̀ ju ohun tí a lè pín báyìí lọ.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọmọṣẹ́ bíríkìlà ni mí, ọdún kejì mi rèé. Ọ̀gá wa máa ń wọn ìpele kọ̀ọ̀kan ní ínǹṣì méje látìsàlẹ̀ lọ sókè, èyí tó bá ṣẹ́kù ló máa ń di ti ìkẹyìn. Mo máa ń rí i pé ti ìkẹyìn kì í bá àwọn yòókù dọ́gba, ọ̀gá sì máa ń ní táìlì á bò ó. Báwo ni mo ṣe lè ṣe é kó dọ́gba, tí ọ̀gá kò sì ní rò pé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́?*
*Ọmọṣẹ́, Ṣágámù*

Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè. Ojú tó ń rí nǹkan báyìí ló ń di ọ̀gá.

Jẹ́ ká gbé ilé kan yẹ̀ wò. Búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án pẹ̀lú sìmẹ́ńtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 250. Kóòsì 12, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù 12 tó gun ara wọn, jẹ́ mítà mẹ́ta. Fi dẹ́kìn onímìlímítà 150 lé e, ó di 3150, ìyẹn ínǹṣì 124. Ọ̀gá rẹ mú méje lọ́nà 17, ó jẹ́ 119. Márùn-ún ló ṣẹ́kù. Ìpele méje, méje, méje, ó wá já sí márùn-ún. Kò sí táìlì tó lè bo ínǹṣì méjì.

Má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìpele kan. Bẹ̀rẹ̀ láti orí gbogbo gíga náà, kó o wá pín in. Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ ọ̀gá mi tó ti dolóògbé, kò kàwé, ṣùgbọ́n ọ̀pá kan ni í fi í ṣe gbogbo rẹ̀. Wá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tọ́ gbọnrangandan, tó ga ju pálọ̀ lọ. Fi rọ́bà olómi, èyí tí omi orí rẹ̀ méjèèjì máa ń dọ́gba, gbé ìlà kan yí ògiri ká, kó o lè mọ ibi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ máa wà *lẹ́yìn táìlì* àti ibi tí ilẹ̀ òkè máa wà *lẹ́yìn táìlì*. Sàmì sí méjèèjì lára ọ̀pá. Àárín wọn ni iṣẹ́ rẹ. Pín in sí ọ̀nà tó bá máa fún ẹ ní nǹkan bíi 17 sí 18 sẹ̀ǹtímítà. Tó o bá pín 3150 sí ọ̀nà 18, ó fún ẹ ní 175 láìṣẹ́kù. Tí ilé mìíràn bá jẹ́ 3080, ọ̀nà 18 ń fún ẹ ní 171 àti díẹ̀. Má fi díẹ̀ yẹn sílẹ̀ fún ìpele ìkẹyìn, pín in fún gbogbo wọn.

Bó o bá ń sàmì, àtìsàlẹ̀ pátápátá ni kó o ti máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: 175, 350, 525, 700, títí lọ. Má wọn láti àmì kan sí èkejì. Bí tépù rẹ bá fi mìlímítà mẹ́ta ṣì lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, ó di ínǹṣì méjì tó o bá fi máa dé ìkẹtàdínlógún. Ọ̀gá mi kì í tiẹ̀ lo tépù, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì bíi ti àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń lò, ó ń rìn ín lórí ọ̀pá lẹ́ẹ̀méjìdínlógún. Tí kò bá bọ́ sórí àmì òkè géérégé, á fún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí i tó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ kan.

Fún ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ìṣirò kan wà tí ará Faransé kan, François Blondel, ti kọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 350 ọdún sẹ́yìn: gíga lọ́nà méjì, fi fífẹ̀ kún un, kó jẹ́ ìgbésẹ̀ kan. Tirẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 65, èmi máa ń lo 63 nítorí ìgbésẹ̀ àwọn ìyá wa kò gùn tó bẹ́ẹ̀. 17 àbọ̀ lọ́nà méjì jẹ́ 35. Yọ ọ́ kúrò nínú 63, ó ku 28. Gbogbo ìpele gbọ́dọ̀ fẹ̀ ní 28, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ṣe ga ní 17 àbọ̀.

Ibi tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nìyí, ibẹ̀ ni kó o tẹtí sí jù. Tí ilẹ̀ bá máa gba sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, tí ìpele sì máa gba méjì àbọ̀, kọnkéré rẹ kò gbọdọ̀ dọ́gba lọ́jọ́ tó o tú pákó. Ìpele kìíní gbọ́dọ̀ jẹ́ 21, ti ìkẹyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ 14, àwọn tàárín 17 àbọ̀. Àfi bí ẹni pé a dorí àtẹ̀gùn Òṣogbo yẹn kodò gan-an nìyẹn. Nígbà tí táìlì bá wá dé, ìsàlẹ̀ á gbé mẹ́ta àbọ̀ jẹ lára 21, òkè á fi mẹ́ta àbọ̀ kún 14, gbogbo wọn á sì di 17 àbọ̀. Onílé tó bá dé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tú pákó máa pariwo pé ẹ ti ba àtẹ̀gùn òun jẹ́. Kẹ́ ẹ tó da kọnkéré ni kẹ́ ẹ ti jókòó ṣàlàyé fún un, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú ohun tó fẹ́ tẹ́ sílẹ̀. Tó bá yí ọkàn padà lẹ́yìn náà, tó ní pákó lòun fẹ́ dípò táìlì, kó mọ̀ pé ó máa kan àtẹ̀gùn náà.

Ní ti ọ̀gá rẹ, má sọ fún un pé ó ń ṣe é sí òdì. Gé ọ̀pá náà lálẹ́, sàmì sí i, mú un dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ kí àwọn yòókù tó dé. Dọ̀bálẹ̀, kó o ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀pá yìí, mi ò mọ̀ bóyá mo pín in dáadáa.” Jẹ́ kó fi tépù tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó ti ń bá ìpele ìkẹyìn jà láti ọjọ́ pípẹ́, á mọ ohun tó ń wò. Tó bá gbà, ẹ fi ọ̀dà pupa fa ìlà ilẹ̀ lẹ́yìn táìlì sára ògiri ìsàlẹ̀ àti tòkè, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i gàdàgbà. Onítáìlì tó máa dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò ní bá yín níbẹ̀, ìlà yẹn ló máa bá.